Ta Ló Ń Bójú Tó Ilé Ọmọ Ogun?

Orúkọ kan wà lẹ́nu àwọn ọmọ Yunifásítì Bowen ní Ìwó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ṣọ́jà ni ẹni tó ni orúkọ náà kó tó di ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Wọ́n bí Thomas Jefferson Bowen ní 1814 ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní 1836, ó wà lára àwọn tó bá ẹ̀yà Creek jagun. Lẹ́yìn náà ó ré kọjá sí Texas, ó sì tún ṣe ṣọ́jà níbẹ̀. Ìgbà tó gbé ìbọn sílẹ̀ ló di oníwàásù nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Oṣù Kẹjọ ọdún 1850 ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, òun sì ni míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ tí àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà rán wá sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà wá gba àṣẹ láti dá yunifásítì sílẹ̀ ní 2001, lórí ilẹ̀ tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi ti wà tẹ́lẹ̀ ní Ìwó, orúkọ ṣọ́jà àtijọ́ yìí ni wọ́n fi pè é.

Bowen kò tíì lo ọdún kan nílẹ̀ Yorùbá tí ogun tún fi bá a. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, Gẹ̀zò ọba Dàhọ̀mì kó ogun wá bá Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin jagunjagun rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Bowen wà nínú ìlú lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ ti rí ogun rí, ó sì gba àwọn Ẹ̀gbá nímọ̀ràn lórí bí wọn yóò ṣe dá ogun náà padà. Ẹ̀gbá ló borí. Lẹ́yìn èyí ló lọ sí Ìjàyè, ìlú Ààrẹ Kúrunmí, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Láti ìlú ológun kan ló ń bọ́ sí òmíràn.

Ká sọ òdodo ọ̀rọ̀, kò sí míṣọ́nnárì kan tó ṣiṣẹ́ láàárín àwa Yorùbá láti 1850 títí di 1886 tí wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì, tí kò ṣiṣẹ́ láàárín ọmọ ogun. Balógun, Ọ̀tún, Òsì àti Ṣẹ́ríkí ló ń darí àwọn ìlú ńlá wọ̀nyẹn. Inú agbo ilé olórí ogun ni àwọn ọmọ ogun ń gbé, àwọn ìyàwó, ọmọ àti ẹrú wọn ló sì ń ro oko tí gbogbo wọn ń jẹ. Ìwó wà lábẹ́ àbò Ìbàdàn nígbà náà, ogun tó bá sì kan Ìbàdàn kò lè yọ Ìwó sílẹ̀. Mo mú èyí wá nítorí ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ lónìí, bí ẹni pé iṣẹ́ ìránṣẹ́ láàárín ṣọ́jà jẹ́ ohun kan tó wà lẹ́yìn ògiri bárékè, tí àwọn pásítọ̀ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù nìkan mọ ìdí rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà níta bárékè, nínú ìlú bí Ìwó, nínú ilé tí ọkọ ti lọ tí ìyàwó àtọmọ ṣẹ́kù sí. Ọ̀pọ̀ ìjọ wa kò sì tíì kà á sí iṣẹ́.

Àwọn tó ṣáájú wa kà á sí iṣẹ́. David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán wá, àti Anna ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853. Kúdẹtì ni wọ́n kọ́lé sí. Àwọn olóyè gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wọn nílẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí ogun wo ló ráyè jókòó gbọ́ ìwàásù àlàáfíà? Ogun ni wọ́n fi ń lówó, ogun ni wọ́n fi ń joyè, ogun náà ni wọ́n fi ń gba orúkọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn kó ọmọ wọn fún Anna. Olóyè kan yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé obìnrin àti Akínyẹlé ọkùnrin, pé kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ òyìnbó. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ pátápátá. Orúkọ Yéjídé ni ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ń jẹ́ ní Ìbàdàn títí dòní.

Nígbà tó di 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà láti Ìbàdàn sí etíkun sì dí. Ẹrù kò lè wọlé, owó kò lè wọlé, lẹ́tà pàápàá kò rí ọ̀nà gbà. Àwọn Hinderer há sáàárín ìlú náà fún ọdún mélòó kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí kò sí ohun tí wọn yóò jẹ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní wọn. Anna tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́ kò sá lọ. Ọdún 1865 ni Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, tó rán èèyàn lọ gbé e gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jáde. Ó padà wá, ó sì tún ṣiṣẹ́ títí tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi lọ sílé ní 1869. Ó kú ní 1870. Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti bá wọn gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, ló di iṣẹ́ náà mú lẹ́yìn wọn.

Ẹ wá wo ìhà kejì ogun yẹn. Nínú Ìjàyè tí Balógun Ìbíkúnlé àti àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ká mọ́, àwọn míṣọ́nnárì mìíràn wà níbẹ̀: Adolphus Mann ti CMS pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, àti Stone òun Phillips tí wọ́n jẹ́ Onítẹ̀bọmi. Wọ́n ń di ojú ọgbẹ́ fún àwọn tí ìbọn bà. Nígbà tí ebi dé, tí àwọn òbí kò rí oúnjẹ fún ọmọ mọ́, wọ́n ń kó ọmọ wá bá wọn. Ìjàyè fọ́ ní oṣù Kẹta 1862, àwọn Onítẹ̀bọmi sì kó àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Ìlú méjì ń bá ara wọn jà, míṣọ́nnárì wà nínú méjèèjì, àwọn méjèèjì sì ń bọ́ ọmọ àwọn tó ń jagun. Mi ò mọ ohun mìíràn nínú ìtàn ìjọ nílẹ̀ Yorùbá tó dùn mọ́ mi tó èyí.

Ìrántí ogun wọ̀nyẹn kò tíì kúrò nínú ìjọ wa. Balógun Ìjọ wà, Ọ̀tún Balógun wà, Ṣẹ́ríkí náà wà. Ní Abẹ́òkúta ìgbà náà, oyè yìí kì í ṣe ti ọjọ́ ìkórè lásán. John Òkénlá tó jẹ́ Balógun Onígbàgbọ́ ń kó àwọn Kristẹni jáde lọ gbèjà ìlú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè pé kó mọ ẹni tó lọ, kó mọ ẹni tó bọ̀, kó sì mọ ilé ẹni tí kò bọ̀. Nígbà tí Kírìjì sì fẹ́ gbé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mì, pásítọ̀ méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ló ń ti àgọ́ kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ìgbà tí àdéhùn fi múlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ọmọ kan wà tí inú àgọ́ ogun ni wọ́n bí wọn sí, tí wọn kò mọ ibòmíràn sí ilé.

Ó yẹ ká bi ara wa léèrè pé: Balógun Ìjọ tiwa lónìí, ọmọ ogun mélòó nínú ìjọ rẹ̀ ló mọ̀?

Ẹ wo irú ilé kan tí kò ṣòro rí ní Ìwó. Yàrá kan àti pálọ̀ ni. Ọkọ jẹ́ kọ́púrà, ó wà ní Bọ̀rnó, níbi tí ogun Boko Haram ti ń jà láti 2009. Wọ́n gbé e kúrò ní bárékè tí wọ́n jọ ń gbé, ìyàwó sì kó àwọn ọmọ wá sílé nítòsí ìyá ọkọ, ó ń ta gàrí àti epo ní iwájú ilé. Owó oṣù ń wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ àbúrò ọkọ ni káàdì báńkì wà, ẹ̀bẹ̀ ni obìnrin náà fi ń gba owó ilé ìwé ọmọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára níbi tí ọkùnrin náà wà. Ìgbà tó bá rí i ló ń pè, ó lè jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, ó lè jẹ́ ọ̀sán Sunday. Nítorí náà obìnrin yìí kì í pa fóònù nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Bó bá dún nígbà ìwàásù, àwọn adènà á bojú jẹ́, àwọn tó jókòó níwájú á yíjú padà, òun á sì sáré bọ́ síta pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìpè ìṣẹ́jú méjì ni. Bí kò bá gbé e, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀, gbogbo òru ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni yóò sì fi máa rò ó pé bóyá ìpè ìdágbére ni òun kò gbé.

Ìjọ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ fún ìdílé yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kí pásítọ̀ sọ fún àwọn adènà rẹ̀ pé bí fóònù ìyá yìí bá dún, kí ẹnì kan gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn.

Ọkùnrin náà yóò wá sílé nígbà tó bá gba páàsì. Gbogbo ilé ló ń yọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó máa ń fẹnu ko fọ́tò bàbá rẹ̀ yóò sá sẹ́yìn ìyá nígbà tó bá rí bàbá fúnra rẹ̀. Bó bá bọ́ sí oṣù Kejìlá, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń yin bángà, ọkùnrin náà yóò ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó rántí pé Ìwó lòun wà. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Kì í sùn tán lóru, ìbínú rẹ̀ sún mọ́ tòsí, ó sì lè máa mu ọtí tí kò mu tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí, á ní "a dúpẹ́." Ìyàwó kò mọ ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn. Bó bá sọ ọ́ fún ìyá ọkọ, wọ́n á ní kò mọ ọkọ tọ́jú. Bó bá sọ ọ́ nínú ìjọ, ó lè di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àdúrà kó tó di alẹ́.

Nínú bárékè, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ni Padre, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ilé-iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Nàìjíríà pín ètò ẹ̀sìn sí ọ̀nà mẹ́ta: ti Kristẹni Pùròtẹ́sítáǹtì, ti Kátólíìkì, àti ti Mùsùlùmí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ìjọ rẹ̀ fọwọ́ sí ni wọ́n ń gbà, wọ́n á kọ́ ọ ní iṣẹ́ ológun, wọ́n á sì fún un ní ipò ọ̀gá. Bákan náà ni ti ìmáàmù. Irú àwọn èèyàn wọ̀nyí ló ń bójú tó ọkàn àwọn tó wà ní Odògbò ní Ìbàdàn, àti ní Ẹdẹ tó múlé gbe Ìwó, níbi tí ẹ̀ka ìkọ́lé àti iṣẹ́ ẹ̀rọ àwọn ológun wà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáǹtì bárékè, ọmọ Áńgílíkà, ọmọ Onítẹ̀bọmi, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, ọmọ Aládùúrà àti ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ló ń jọ́sìn pọ̀ lábẹ́ òjíṣẹ́ kan ṣoṣo, kálukú ní láti fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tó mọ́ ọn lára. Padre ń sin òkú, ó ń so yìgì, ó ń parí ìjà tọkọtaya, ó ń bá àwọn ọmọ ogun lọ síbi tí ìbọn ti ń dún. Òun náà ló sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀gá lọ túfọ̀. Bí àwọn ìyàwó ní kúọ́tà bá rí i tó ń bọ̀ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ọ̀gá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kálukú á máa gbàdúrà pé kó má yà sí ẹnu ọ̀nà òun.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn òjíṣẹ́ wọ̀nyí gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni Padre, àmì ọ̀gá wà léjìká rẹ̀. Ṣọ́jà tí ẹ̀rù ń bà á láti padà sójú ogun lè máa rò ó pé bí òun bá sọ ọ́ fún Padre, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ́fíìsì. Ìyàwó tí ọkọ lù lè bẹ̀rù pé wọ́n á gba okùn léjìká ọkọ òun, kí owó oṣù sì dínkù. Padre pàápàá ń ṣí kiri. Ó lè jẹ́ pé kò tíì mọ ìdílé tán tí wọ́n fi gbé e lọ ibòmíràn. Ṣọ́jà ń lọ, ṣọ́jà ń bọ̀, bárékè ò kúrò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Àti pé nígbà tí ìyàwó bá ti kó wá sí Ìwó, ta ni Padre rẹ̀?

Fún ìdí yìí, mo fẹ́ràn ọ̀nà kan tí àwọn ìjọ kan ń gbà nílẹ̀ òkèèrè. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Mọ́mọ́nì, máa ń rán tọkọtaya àgbàlagbà lọ gbé nítòsí ibùdó ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ àti ní ilẹ̀ òkèèrè bíi Jámánì. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí ọmọ wọn ti dàgbà, ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Wọn kò ní ipò, wọn kì í kọ ìròyìn fún ọ̀gá kankan. Wọ́n ń se oúnjẹ fún àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́jà tí kò ní ẹbí nítòsí, wọ́n ń bẹ ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wò nígbà tí ọkọ kò sí nílé. Ẹ̀kọ́ ìjọ yẹn àti tèmi kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí n má rí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Bàbá àti ìyá tó ti tọ́mọ, tí wọn kò kánjú, tí wọn kò bẹ̀rù yúnífọ́ọ̀mù, ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ìwó kò ṣaláìní wọn. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà, àwọn nọ́ọ̀sì àgbà wà, àwọn ṣọ́jà tó ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ ìbọn lóru, wà pẹ̀lú. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ ló yẹ ká fi jẹ́ ẹ, àwọn wọ̀nyí sì mọ bí a ṣe ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́.

Ibì méjì wà tó yẹ kí n le díẹ̀. Àwọn kan ti wà nínú iṣẹ́ yìí ná, iṣẹ́ ibi ni wọ́n sì ń ṣe. Wòlíì tó gbọ́ pé ọkọ obìnrin kan wà lójú ogun yóò ríran pé òun rí pósí. Á ní kó mú owó wá, kó mú àgbò wá, kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mélòó kan, kó wá sùn ní ilé àdúrà. Obìnrin tí kò rí oorun sùn tẹ́lẹ̀ á lọ yá owó. Bí ọkọ bá bọ̀ láyọ̀, wòlíì ló gbà á. Bí kò bá bọ̀, ìgbàgbọ́ obìnrin náà ni kò tó. Olè ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, olè tó ń jà nínú ilé tí onílé lọ ṣọ́ ìlú. Àwọn ìjọ tó ní orúkọ ní Ìwó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta láti orí pẹpẹ, kí àwọn ìyàwó ṣọ́jà lè mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan tó yẹ kó gba owó lọ́wọ́ wọn nítorí ẹ̀mí ọkọ wọn.

Èkejì kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gan-an. Ìwó jẹ́ ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ láti ayé Ọba Lamuye ní sẹ́ńtúrì 19. Nínú agbo ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè máa lọ sí mọ́ṣáláṣí kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ lè jẹ́ Mùsùlùmí kí ìyàwó jẹ́ Kristẹni. Míṣọ́nnárì tó bá lo àǹfààní pé ọkùnrin kan wà lójú ogun láti yí àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí ẹ̀sìn mìíràn ti da baba náà, ìwà ọ̀dàlẹ̀ yìí yóò sì tẹ̀ lé e dé gbogbo ilé tó kù. Mo jẹ́ Kristẹni, mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ Jésù, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n baba tí kò sí nílé kò lè dáhùn. Ẹ bọ́ ọmọ rẹ̀, ẹ kọ́ ọ níwèé, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì jẹ́ kó máa kí ìrun rẹ̀ títí baba yóò fi dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èyí ti dẹ̀ jù, kó rántí Isaac Fádoyèbọ̀, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ jagun ní Bọ́mà. Fádoyèbọ̀ wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìwòsàn wọn. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ ní àfonífojì Kaladan, wọ́n pa ọ̀pọ̀, ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ Fádoyèbọ̀, wọ́n sì fi òun àti David Kargbo ọmọ Sàró sílẹ̀ nínú igbó bí òkú. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló rí wọn. Òun àti ìdílé rẹ̀ fi wọ́n pamọ́, wọ́n ń gbé ìrẹsì àti omi fún wọn fún oṣù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ikú ni èrè rẹ̀ bí àwọn ọmọ ogun Japan bá gbọ́. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n tó rí wọn gbà. Ọmọ Yorùbá kan padà sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nítorí pé ìdílé kan tí kò mọ ìyá náà ṣe ìtọ́jú rẹ̀, ó sì gbé ayé títí di 2012. N kò tíì rí iṣẹ́ ìránṣẹ́ láàárín ọmọ ogun tó ju ti àgbẹ̀ yìí lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ìjọ tó rán an.

Bárékè pàápàá kì í ṣe ibi ààbò fún ìdílé nígbà gbogbo. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, àwọn ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Àwọn èèyàn sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀, pàápàá àwọn ọmọdé àti obìnrin, já sínú odò Òkè-Àfà, wọ́n kú síbẹ̀. Ó ju 1,000 ẹ̀mí tó lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣọ́jà ló di aláìnílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí ẹnu ọ̀nà ẹni tí wọn kò mọ̀ rí di ibi ìsádi wọn.

Ìgbà tó wá burú jù ni ìgbà tí ọkọ bá kú. Kúọ́tà kì í ṣe ti opó. Lẹ́yìn àkókò kan, wọ́n ń retí pé kó kó jáde kí ẹlòmíràn lè wọlé. Ìyàwó tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní bárékè, tó mọ Màgájíyà tó jẹ́ olórí àwọn ìyàwó ṣọ́jà, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní mámì máàkẹ́ẹ̀tì, á kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, á forí lé ìlú ọkọ níbi tí ọmọ rẹ̀ kò ti gbọ́ èdè dáadáa. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé wa parí ní 1970, ìjọba ń ṣe ìrántí àwọn akọni tó ti kú. Ìsìn ń wáyé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday tó ṣáájú, Jímọ̀ sì ń wáyé ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ń fi òdòdó sílẹ̀, wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n opó tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ní Ìwó nílò ẹni tí yóò bá a lọ sí ọ́fíìsì ní oṣù Kejì, oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin.

Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ìjọ gbé lọ́wọ́ jù. Ohun tó ń fa ìjà láàárín opó àti ẹbí ọkọ kì í sábà jẹ́ ìkà nìkan, ìwé ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní ọmọ ogún ọdún kò ní ìyàwó. Orúkọ bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ síwèé pé kí wọ́n fún lówó bí òun bá kú. Ó gbéyàwó lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó bímọ mẹ́ta, kò rántí tún ìwé náà ṣe. Ìdána ni wọ́n ṣe, wọn kò lọ sí kọ́ọ̀tù, ìjọ kò fún wọn níwèé ìgbéyàwó. Ọmọ kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Nígbà tí ìròyìn ikú dé, opó kò ní ìwé kan ṣoṣo tó fi hàn pé ìyàwó ni òun. Pásítọ̀ kò nílò ipò ológun láti yanjú èyí. Ó nílò fáìlì kan, akọ̀wé ìjọ tó mọṣẹ́, àti lọ́yà kan nínú ìjọ tó lè yọ̀ǹda wákàtí díẹ̀.

Kí Balógun Ìjọ gba iṣẹ́ yìí, kó bá orúkọ tó ń jẹ́ mu. Kó mọ gbogbo ilé tí ọmọ ogun ti jáde nínú ìjọ rẹ̀, kó lọ kí ìmáàmù àdúgbò kí àwọn méjèèjì jọ mọ èyí tó kù. Bí kọ́púrà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá gba páàsì wálé, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n má sọ ọ́ di ẹni tí yóò dúró níwájú ìjọ jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe kó o yọ. Lẹ́yìn náà, kí Balógun Ìjọ jókòó tì í ní ìta ilé rẹ̀, kó sì bi í pé orúkọ ta ló wà nínú ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá tó ti kú ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí wọ́n dìde lọ ṣe ìwé ìgbéyàwó, kí wọ́n gba ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, kí ọkùnrin náà sì kó ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ dání nígbà tó bá ń padà sí Bọ̀rnó, kó lè rí ọ̀gá tó ń tọ́jú ìwé wọn kó tó gba ìbọn.